Ìran mẹ́ta lọ́dún kan: Ṣé ẹ̀fọ́ Ifangni lè ní irúgbìn tirẹ̀ láìpẹ́?

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìgólò kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ ó rí àwọn ìyá tí wọ́n di tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ìgbá rẹpẹtẹ sórí ọ̀kadà. Àwọn kan ń lọ sí Àjàṣẹ́, àwọn kan ń lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, àwọn mìíràn sì ń gba Ìdírókò wọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ pupa Ifangni ló hu ẹ̀fọ́ náà, ọwọ́ àwọn ará Ifangni ló sì bomi rin ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti wá, kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ ó rí ìdáhùn.

Irúgbìn tòmátì, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì sábà máa ń wá nínú agolo láti òkè òkun. Ní ti tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, àwọn àgbẹ̀ máa ń tọ́jú irúgbìn wọn fúnra wọn, tàbí kí wọ́n ra òdiwọ̀n ife kan lọ́jà láìmọ oko tó ti wá.

Mo mọ ohun tí èyí ń fà. Ní ọdún tó kọjá, àbúrò ìyá mi ra agolo irúgbìn tòmátì kan lówó gọbọi. Ó hù dáadáa, igi rẹ̀ lẹ́wà. Nígbà tí òjò le, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, igi náà kú pẹ̀lú èso tútù lórí. Lẹ́bàá ààtàn ilé rẹ̀, tòmátì ìbílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ń so lọ ní tirẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, ó ní ìpín-ìpín lára, àwọn oníbàárà ò sì fẹ́ ẹ tó ti inú agolo. Ṣùgbọ́n kò kú.

Ìbéèrè tí àbúrò ìyá mi bi mí lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá síbí: ṣé a ò lè rí tòmátì tó tóbi bíi ti agolo, tó sì lágídí bíi ti ààtàn?

Kí ló ń mú kí irúgbìn tuntun pẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a lè rí i. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ jù ni àkókò.

Láti ọjọ́ tí a gbin kóró kan títí di ọjọ́ tí a ká kóró tó gbó lórí igi rẹ̀, ìran kan nìyẹn. Bí a bá mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó tòmátì kan, tí a fi kan òdòdó ẹ̀yà kejì, ọmọ àkọ́kọ́ á jọ ara wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ ló máa ń ya ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á kéré. Ọ̀kan á fara da àrùn, ọ̀kan á rọ. Bí àgbẹ̀ bá tọ́jú kóró èyí tó dára jù, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí yóò hù lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní jọ ìyá rẹ̀.

A ní láti máa gbìn ín láti ìran dé ìran títí ìwà rẹ̀ á fi dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ pé nǹkan 100 ni bàbá àti ìyá fi yàtọ̀ síra. Lára ọmọ àkọ́kọ́, gbogbo 100 ló dà pọ̀ mọ́ra. Bí òdòdó bá ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ nìkan, ohun tó ṣì dà pọ̀ á máa dín kù sí ìdajì ní ìran kọ̀ọ̀kan: 50, 25, nǹkan bíi 12, 6, 3, àti níkẹyìn bíi 1 tàbí 2. Ìgbà 6 la gbìn ín lẹ́yìn tí a ti so ẹ̀yà méjèèjì pọ̀ kí a tó dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbin ìran kan lọ́dún á lo ọdún 6. Ẹni tó bá lo òjò méjèèjì tí a ní, ti oṣù kẹta sí ìkeje àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, á lo ọdún 3. Ẹni tó bá tún ní omi tí yóò fi gbin ìran kẹta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọdún 2 péré ni.

Ibi tí ẹ̀fọ́ ti yàtọ̀ sí ohun ọ̀gbìn ńlá nìyí. Àwa ará Plateau mọ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè láti ọdún 1922. Ọ̀pẹ kì í so kí ó tó pé bí ọdún 3 tàbí 4, onímọ̀ sì ní láti ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i kó tó mọ̀ bóyá ó dára. Síbẹ̀, wọ́n fi sùúrù ṣe é, àǹfààní rẹ̀ sì dé oko wa. Tẹ̀tẹ̀ àti ilá, láàárín bí oṣù 3 kóró wọn ti gbó. Ewédú àti tòmátì lè lò tó oṣù 3 sí 4. Bí a bá fi sùúrù dúró de ọ̀pẹ, kí ló dé tí a ò lè dúró de tẹ̀tẹ̀?

Àwọn mìíràn ti ṣe é rí

Láti nǹkan bí ọdún 1945, Norman Borlaug, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Mẹ́síkò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àlìkámà ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Á gbìn ín ní ilẹ̀ gbígbóná Sonora, bó bá ká a tán, á gbé kóró rẹ̀ lọ sí orí òkè tó tutù ní Toluca, á tún gbìn ín. Nígbà náà, àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà gbà pé kóró gbọ́dọ̀ sinmi láàárín ìkórè àti ìgbìn. Borlaug ò gbà. Ó fi bẹ́ẹ̀ dín ọdún iṣẹ́ kù sí ìdajì, ó sì rí àǹfààní kan tí kò wá: àlìkámà rẹ̀ lè hù ní ibi púpọ̀, nítorí ojú ọjọ́ méjì ló ti dán an wò. Ní ọdún 1970, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Ní ọdún 2018, Lee Hickey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà kọ̀wé pé àwọn tanná fún àlìkámà fún wákàtí 22 lójúmọ́ nínú ilé. Ó yára tanná òdòdó, ó sì yára gbó. Wọ́n rí ìran 6 ká láàárín ọdún kan. Inú ìwádìí iléeṣẹ́ NASA ti Amẹ́ríkà, tó fẹ́ gbin oúnjẹ ní òfuurufú, ni èrò náà ti wá.

Ìròyìn yìí ló gba ayé kan, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn kíákíá gbọ́dọ̀ ní gílóòbù ńlá àti iná tí kì í lọ. Èrò yẹn lè ṣi àgbẹ̀ wa lọ́nà.

Ẹ̀fọ́ tiwa ò fẹ́ ọ̀sán gígùn

Àlìkámà jẹ́ irúgbìn ilẹ̀ òtútù. Bí ọ̀sán bá gùn, ó mọ̀ pé ìgbà ooru ti dé, á sì sáré tanná. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kúkúrú ló ń mú kí wọ́n yára tanná. Bí ẹ bá tan iná fún ewédú fún wákàtí 22, ewé ni yóò máa yọ, kóró ò ní tètè dé.

Àwọn àgbẹ̀ Ifangni mọ èyí láìka ìwé kankan. Ewédú tí a gbìn ní ìparí òjò, ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, kì í ga kó tó yọ òdòdó. Èyí tí a gbìn ní oṣù kẹrin á ga, ewé rẹ̀ á sì pọ̀. Níbi tí a wà yìí, ojúmọmọ fi díẹ̀ lé ní wákàtí 12 ní oṣù kẹfà, kò sì tó 12 ní oṣù kejìlá. Ìyàtọ̀ náà ò tó wákàtí kan, síbẹ̀ ewédú mọ̀ ọ́n.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òkùnkùn ni a nílò, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá fi táàpólì dúdú bo ebè kan láti ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn fi ga díẹ̀ lówùúrọ̀ ti dín ojúmọmọ kù sí wákàtí 8 tàbí 9. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Hohenheim ní Jámánì tẹ ìwádìí jáde lórí tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń jẹ kóró rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kúkúrú pẹ̀lú ooru ni wọ́n fi mú kó yára tanná. Ooru kì í ṣe ohun tí Ifangni ń ra. Ohun tó kù ni táàpólì, omi, àti ẹni tí kò ní gbàgbé láti ṣí i lówùúrọ̀.

Àwọn ọgbọ́n kékeré mìíràn wà tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Kóró ewédú tuntun máa ń sùn nítorí èèpo rẹ̀ le. Àwọn ìyá wa máa ń dì í sínú aṣọ, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kíá, ó sì máa ń hù. Ẹni tó mọ èyí ti mọ ọ̀nà tí kóró ò fi ní fi oṣù ṣòfò láàárín ìran méjì.

Ibi tí ìyára ti lè dà wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyára ní ewu tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbé e wá bá àgbẹ̀ sọ ọ́.

Ewu àkọ́kọ́ ni pé igi tó bá kọ́kọ́ tanná ni kóró rẹ̀ á kọ́kọ́ gbó. Bí a bá ń kánjú, èyí tó yá jù la ó máa mú, ìran lé ìran. Fún àlìkámà, ìyẹn lè dára. Fún ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ewé rẹ̀, àdánù ni. Tẹ̀tẹ̀ tó bá yọ òdòdó kíá, ọjà ò rà á. Àgbẹ̀ fẹ́ èyí tí yóò pẹ́ kó tó tanná, tí a ó gé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà, òkùnkùn táàpólì ló gbọ́dọ̀ fipá mú gbogbo igi tanná lẹ́ẹ̀kan náà. Lára igi kọ̀ọ̀kan, kóró kan tàbí méjì péré ni kí a mú lọ sí ìran tó kàn, yálà ó yá tàbí ó pẹ́, ká má tíì ṣa èyíkéyìí. Ìgbà tí ìwà wọn bá dúró ni ká tó kó gbogbo wọn lọ sí oko gidi láti ṣà wọ́n.

Ewu kejì ni pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe òjò. Igi tó dára lábẹ́ omi ẹ̀rọ ní oṣù kejì lè kú nígbà ìkùukùu oṣù keje. Àrùn tó pa tòmátì àbúrò ìyá mi kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn àfi nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná tó sì rin gbingbin. Ìran tí a gbìn kíákíá ń jẹ́ ká rí ẹ̀yà tí ìwà rẹ̀ ti dúró. Kò lè sọ fún wa èyí tó bá ilẹ̀ Ifangni mu nínú wọn. Oko Ifangni, ní ìgbà òjò, lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ifangni, nìkan ló lè sọ ọ́, ó sì yẹ kó gbà tó ìgbà òjò ọdún méjì ó kéré tán.

Ewu kẹta ni àdàlù. Afẹ́fẹ́ ń gbé lẹ́búlẹ́bú tẹ̀tẹ̀ kiri, kòkòrò sì ń gbé ti ilá. Bí a ò bá fi aṣọ tàbí bébà bo òdòdó, tẹ̀tẹ̀ aládùúgbò á ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ta ló lè ṣe é?

A kì í ṣe ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. INRAB, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti ọdún 1992. Iléeṣẹ́ ìwádìí ẹ̀fọ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Taiwan lọ́dún 1971 ní ọ́fíìsì ní Abomey-Calavi, nínú ọgbà IITA. Ní Kétu, nínú ẹ̀ka Plateau wa níbí, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Ní ìhà kejì bọ́dà, NIHORT ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọ́ àti èso ní Ìbàdàn láti ọdún 1975.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pàápàá ti kọ́kọ́ tọ ọ̀nà náà. Ní ọdún 2018, Deedi Sogbohossou, Enoch Achigan-Dako ti yunifásítì Abomey-Calavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè sọ ẹ̀kúyá di ohun ọ̀gbìn tó dára sí i. Ẹ̀kúyá nìyẹn o, ewé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kà sí koríko. Wọ́n ṣàlàyé pé irú ẹ̀fọ́ tí àwọn ìwádìí ńlá ti pa tì yìí lè fi ọ̀nà ìgbàlódé lé àwọn tó ṣáájú bá, bí a bá kọ́kọ́ béèrè ohun tí àgbẹ̀ àti oníbàárà ń fẹ́.

Ojú tèmi ni pé iṣẹ́ náà ní orí, àárín àti ìdí, kò sì yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ọlọ́jà ni kó sọ ẹ̀yà tí a ó so pọ̀: tòmátì ìbílẹ̀ bíi Akikon àti Tounvi tí wọ́n mọ̀ dáadáa lápá gúúsù Benin, ewédú amúgbadù tàbí oníyaya, tẹ̀tẹ̀ tó pẹ́ kó tó tanná. Ní àárín, àwọn onímọ̀ ni kó sáré gbin ìran 6 náà níbi tí omi àti ìṣọ́ wà. Ní ìparí, kí wọ́n dá ẹ̀yà 20 tàbí 30 padà sí Ifangni, kí àwọn ìyá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sè é, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì yan méjì tàbí mẹ́ta. Ewédú tí kò yọ̀ lẹ́nu kì í ṣe ewédú, ẹ̀rọ kankan nínú ilé ìwádìí ò sì lè tọ́ ọ wò bí ìyá tó ń sè é lójoojúmọ́.

Bọ́dà àti òfin

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ifangni ju ìlú mìíràn lọ ni bọ́dà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti bọ́dà orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí mẹ́rin padà, Ìdírókò ò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ṣí i. Ìlú tó bá gbára lé irúgbìn àti ọjà tó ń gba ẹnu ibodè kan ṣoṣo kọjá ti rí ohun tí ìyẹn lè fà.

Òfin wà tó yẹ kó ràn wá lọ́wọ́. Láti ọdún 2008 ni àjọ ECOWAS ti ní ìlànà kan náà lórí irúgbìn. Ẹ̀yà tí orílẹ̀-èdè kan bá dán wò, tó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, yẹ kó ṣe é tà ní àwọn yòókù. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé e, ewédú tó dára ní Ìbàdàn lè wọ Ifangni pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, tiwa náà lè wọ Ògùn, kò sì ní jẹ́ inú àpò gaàrí ni yóò máa gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbì kan. Benin wà nínú àjọ OAPI, tó ń fún ẹni tó bá mú ẹ̀yà tuntun jáde ní ẹ̀tọ́ lé e lórí, tó lè tó ọdún 25. Láti ọdún 2014 sì ni OAPI ti wọ àjọ UPOV tó ń rí sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Kò burú kí oníṣẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irúgbìn àkọ́kọ́ bá ti ọwọ́ àwọn ìyá Ifangni wá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní pé wọ́n lè tọ́jú kóró rẹ̀, kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n sì fún ara wọn, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí a ò bá sọ níbẹ̀rẹ̀ ni yóò di ẹjọ́ níkẹyìn.

Kí la lè bẹ̀rẹ̀ lónìí?

A ò ní láti dúró de ilé ìwádìí ká tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá ní kànga lè ya ebè kan sọ́tọ̀ fún irúgbìn nìkan, tí a ò ní gé ewé rẹ̀ tà. Kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi tó pẹ́ jù kó tó tanná, kí wọ́n sì gba kóró lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe báyìí ni pé a máa ń tà èyí tó dára, a ó wá gba kóró lára èyí tó kù. A ń fi ọwọ́ ara wa ṣa irúgbìn tó burú jù láti ọdún dé ọdún.

Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, ọjọ́ tó tanná àti ọjọ́ tí wọ́n ká a sínú ìwé kan. Ọjọ́ tí onímọ̀ láti Kétu tàbí Calavi bá dé, ìwé yẹn ló máa jẹ́ kó rí i pé àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lòun bá.

Ní ti ìgbìmọ̀ ìlú, ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ wọn ò tóbi: kànga ẹ̀rọ kan, ilẹ̀ tó tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù, àti ìwé àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì tó bá gbà. Bí ẹ̀fọ́ bá ń mú owó wọ ọjà Ifangni lójoojúmọ́, kò yẹ kó ṣòro láti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tọ́jú kóró ẹ̀fọ́.

Àbúrò ìyá mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti ká tòmátì ẹ̀bá ààtàn náà, ó ti fọ kóró rẹ̀, ó sì sá a sórí àwo. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó lè gbà tó ọdún 2 ká tó mú èyí tó ń fẹ́ jáde, àti ọdún 2 mìíràn láti dán an wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbin tòmátì, ó ti lé ní ogún ọdún, kò sì sí ẹni tó wá béèrè lọ́wọ́ òun rí pé irú èwo lòun fẹ́.